JẸ́LÉ-Ó-SINMI: Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ BẸ̀RẸ̀ IṢẸ́ OLÙKỌ́ ÀWỌN ỌMỌ KÉKERÉ



Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra láti di olùkọ́ pé kíláàsì wo ni ó wù wọ́n láti kọ́, púpọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ kíláàsì tí ó ga jù lọ. Díẹ̀ ni yóò wí pé, "Ẹ fún mi ní àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin." Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tí kò rí kíláàsì mìíràn gbà ni a ń fi sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kékeré, àti pé iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ju kí a nu ikun imú wọn, kí a là wọ́n níjà, kí a sì dá wọn padà fún ìyá wọn ní ọ̀sán. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ náà gba ìmọ̀ púpọ̀ ju bí a ti ń rò lọ, àti pé ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ ti í jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

I. ORÚKỌ IṢẸ́ NÁÀ

Àwọn baba wa sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, ohun tí ó wí ni pé kí ọmọ jáde, kí ilé lè sinmi. Ojú ìyá ni a fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá fẹ́ lọ sí ọjà, ó fẹ́ lọ sí oko, ó sì fẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ kò ti ní í já sí kànga tàbí kí ó fi ọwọ́ kan iná. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìfẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọ ohun tí ọmọ yóò bá nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn wò ó ní ọ̀nà mìíràn. Ní ìlú Bad Blankenburg ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Froebel dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré ní ọdún 1837. Ní 1840 ó sọ ọ́ ní Kindergarten, èyí tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Èrò rẹ̀ ni pé ọmọ dàbí ohun ọ̀gbìn, olùkọ́ sì dàbí ológbà tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bu omi àti ìgbà tí ó yẹ kí a fi ọwọ́ sílẹ̀. Eré ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́, ó sì fún àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù àti igi gbígbẹ́ láti fi ṣeré.

Ìtàn ti Róòmù sún mọ́ tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò San Lorenzo, níbi tí àwọn òtòṣì ń gbé, àwọn òbí a máa jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ a sì máa ba ògiri àti àtẹ̀gùn ilé jẹ́. Àwọn onílé wá ẹni tí yóò kó wọn jọ, kí ilé wọn lè sinmi. Ẹni tí wọ́n rí ni Maria Montessori, obìnrin tí ó jẹ́ dókítà ìṣègùn, ó sì ṣí ilé náà ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1907. Kò fi ìṣọ́ nìkan mọ. Ó jókòó ti àwọn ọmọ, ó ń wò wọ́n, ó sì rí i pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè tẹjú mọ́ iṣẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́ bí iṣẹ́ náà bá bá ọwọ́ àti ọjọ́-orí rẹ̀ mu. Ó ṣe àga kékeré fún wọn, ó sì gé lẹ́tà láti inú bébà tí ó ní yanrìn lára, kí ìka ọmọ lè mọ ìrìn lẹ́tà kí ọwọ́ rẹ̀ tó di pẹ́ńsù mú.

Ẹ kíyè sí i pé jẹ́lé-ó-sinmi ni ilé Montessori náà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ ni ojú tí olùkọ́ fi wo ọmọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tijú orúkọ tí àwọn baba wa fún iṣẹ́ yìí. Kí a kàn béèrè pé: nígbà tí ilé bá ń sinmi, ta ni ń ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ wo ni ó sì ń ṣe?

II. BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI RÍ NÍ ILẸ̀ WA

Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pẹ́ nínú iṣẹ́ kíkọ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí Ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ṣí lọ sí Èkó, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tí a ti wá mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's College. Ajayi Crowther University, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí T. J. Bowen ti gbé iṣẹ́ Bátísí dé ní 1855, a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ ní 1898. A kọ́ olùkọ́ pẹ̀lú níbẹ̀, kí ẹ̀ka àwọn olùkọ́ tó ṣí lọ sí Ìwó ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kan náà ni Ruth Kersey, míṣọ́nárì Bátísí, ti kó àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kú jọ, tí ó sì tọ́ wọn. Ilé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ń rán wa létí pé ìtọ́jú ni ó ṣáájú ẹ̀kọ́: ọmọ tí ebi ń pa, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí.

Síbẹ̀, àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ kò rí olùkọ́ tí ó dára jù gbà. Ní ayé àtijọ́, ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: kíláàsì ABD méjì, lẹ́yìn náà kíláàsì mẹ́fà. Ọ̀dọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì kẹfà ni a sábà máa ń fi sí ìsàlẹ̀, olùkọ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí a sì wà lókè. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Ìwọ̀n yìí kò burú, nítorí pé ọwọ́ ọmọ kì í tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó sún mọ́ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n apá nìkan ni ó wọ̀n, kò wọn ohun tí ó wà nínú orí tí ọwọ́ náà gbà kọjá.

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, a gé ọdún mẹ́jọ náà kù sí mẹ́fà, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ sì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé 811,000 ó lé. Ohun ńlá ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní gbogbo ilé wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò tó, a sì ní láti kó ọ̀pọ̀ tí kò gbà á wọ inú kíláàsì. Láti ìgbà náà ni àṣà kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin wa, pé ọmọ kékeré lè fara da olùkọ́ tí kò mọ iṣẹ́. Àṣà yìí gan-an ni ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò bá jà.

III. OHUN TÍ ỌMỌ TI MỌ̀ KÍ Ó TÓ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kò sí ọmọ tí ó wọ kíláàsì ní òfìfo. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pàtẹ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ti gbọ́ kíkà owó àti títo ọjà kí ó tó mọ lẹ́tà kan. Ọmọ tí ó dàgbà lọ́dọ̀ àwọn tí ń fín igbá ti rí bí ìlà ṣe ń tẹ̀ lé ìlà, tí àwòrán kan ń padà wá lẹ́yìn òmíràn. Ojú rẹ̀ ti ń kọ́ ìṣirò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń ṣa mángòrò lábẹ́ igi ti ya èyí tí ó pọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò pọ́n, ó sì ti pín in fún àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Títò, yíyà sọ́tọ̀, pípín lọ́kọ̀ọ̀kan: orí mẹ́ta yìí ni ìṣirò àwọn ọmọ kékeré dúró lé.

Bákan náà ni ti etí. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè ohùn, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó mọ èyí lè lu ohùn orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lára agolo òfìfo, gẹ́gẹ́ bí dùndún ti ń ṣe, kí àwọn ọmọ máa mọ ẹni tí a pè. Eré ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n etí tí ó ń ya ohùn sọ́tọ̀ báyìí ni yóò lè ka àmì ohùn ní ọ̀la. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti ronú. Àlọ́ onítàn ń kọ́ ọ láti fi etí sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí, kí ó sì rántí ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Bojúbojú ń kọ́ ọ láti dúró de àsìkò rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ tuntun ní, nígbà náà, ni kí ó wádìí ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ̀. Ẹni tí kò bá wádìí yóò máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti mọ̀, tàbí kí ó fo ìgbésẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó sì máa bínú pé wọn kò lè tọ òun lẹ́yìn.

IV. Ọ̀RỌ̀ ÈDÈ

Ọ̀rọ̀ yìí le, kò sì sí olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré tí ó lè yẹra fún un. Láti 1977 ni Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ti wí pé èdè abínibí, tàbí èdè àdúgbò, ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò ì tí ì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, kí ìlànà yìí tó jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní St. Stephen's "A" School ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ṣe dáradára ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé a ti pa ìlànà náà rẹ́, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí ó ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò ńlá. Àwọn onímọ̀ èdè púpọ̀ kò gbà pé èdè ni ó fa ìkùnà náà. Wọ́n ní àìtó ìwé àti àìtó olùkọ́ ni.

Kí ni kí olùkọ́ tuntun ṣe láàrin ìjiyàn yìí? Kò yẹ kí ó sọ ara rẹ̀ di ọlọ̀tẹ̀ sí àṣẹ, kò sì yẹ kí ó fi àṣẹ ṣe bojúbojú fún àìmọ̀ọ́kọ́. Ohun tí ó fara hàn ní Mọ́dákẹ́kẹ́ kì í ṣe agbára Yorùbá nìkan: ìwé wà, olùkọ́ tí a múra sílẹ̀ wà, a sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ dáradára. Kò sí àṣẹ tí ó lè fi ohùn àjèjì tu ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń sunkún nínú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́ta yìí ṣe ìwà. Èkíní, ohun tí ọmọ fi ojú rí tí ó sì fi ọwọ́ kàn ni kí a fi èdè tí ó gbọ́ sọ fún un, kí a tó fún un ní orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì, kí Gẹ̀ẹ́sì tí a bá sọ fún un jẹ́ èyí tí ó tọ́ tí ó sì ṣe kedere, nítorí pé ohun tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ni yóò mú dàgbà. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe na ọmọ, kí a má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Kí a rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni Yorùbá jẹ́ èdè abínibí fún. Ẹni tí a bá rán lọ sí tòsí Sábó, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò bá àwọn ọmọ tí ń sọ Haúsá pàdé, yóò sì dára kí ó mọ ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìtùnú díẹ̀ ní èdè wọn.

V. Ẹ̀KỌ́ KAN GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a to ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀. Ẹ̀kọ́: iye "mẹ́ta." Àwọn ọmọ: ọlọ́dún mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àkókò: ogún ìṣẹ́jú. Ohun èlò: igbá márùn-ún, àti kóró mángòrò tí a fọ̀ tí a sì sá gbẹ, ogún nínú igbá kọ̀ọ̀kan. Kóró mángòrò ni a yàn nítorí pé ó tóbi. Kóró kékeré léwu, nítorí pé ọmọ lè gbé e mì, ó sì lè kì í bọ imú tàbí etí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ márùn-ún yí igbá ká. Má tí ì dárúkọ iye kankan. Gbé kóró mẹ́ta sí ilẹ̀, kí o sì wí pé, "Ẹ bá mi gbé iye tí ó dọ́gba pẹ̀lú èyí." Wo ẹni tí ó fi kóró kọ̀ọ̀kan sí iwájú tìrẹ, àti ẹni tí ó kó ẹ̀kúnwọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: fún iye náà ní orúkọ. Níhìn-ín ni kí olùkọ́ ti ṣọ́ra, nítorí pé èdè wa ní orúkọ ju ẹyọ kan lọ fún iye kan. Nígbà tí a bá ń kà á, a ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Nígbà tí a bá fi í lé nǹkan, a ní kóró mẹ́ta. Ọmọ tí ó lè ka oókan dé ẹẹ́wàá lè má mọ ohun tí mẹ́ta jẹ́. Kíkà bí ẹni kọrin yàtọ̀ sí mímọ iye.

Ìgbésẹ̀ kẹta: to kóró mẹ́ta náà ní ìlà, kí o kó wọn jọ, kí o sì tún tú wọn ká. Béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Mélòó ni?" Jean Piaget ti ilẹ̀ Switzerland fi hàn pé bí a bá to ohun mẹ́fà mẹ́fà ní ìlà méjì tí ó dọ́gba, tí a sì wá na ìlà kan gùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún yóò wí pé èyí tí ó gùn ni ó pọ̀ jù. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú rẹ̀ ni ó ṣì ń borí ìrònú rẹ̀, ọjọ́-orí àti iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò sì tún un ṣe. Ẹni tí kò mọ èyí yóò nà án fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kó wọn jáde sínú yanrìn. Fi ìka kọ 3, kí àwọn náà sì fi ìka kọ ọ́. Ìwé àti pẹ́ńsù kò ì kàn wọ́n.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́: kọ orúkọ àwọn tí kò lè ṣe ìgbésẹ̀ kìíní sínú ìwé rẹ. Lára wọn ni ìwọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la. Bí ọmọ kan kò bá dáhùn rárá, má yára pè é ní ọlọ́kàn líle; pè é láti ẹ̀yìn ní ohùn jẹ́jẹ́, kí o wò ó bóyá ó gbọ́. Federal College of Education (Special), tí a dá sílẹ̀ ní 1977 tí ó sì wà ní Ọ̀yọ́, ti kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ fún àwọn adití, àwọn afọ́jú àti àwọn tí ọpọlọ wọn ń falẹ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ kan gbé ìlú tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, kí ó má sì lọ béèrè ọ̀nà níbẹ̀.

VI. BÍ A TI Í WỌ IṢẸ́ NÁÀ

Ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ tí ìlànà ìjọba fi àyè gbà fún olùkọ́ ni NCE, tí a ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀ka kan wà nínú rẹ̀ fún ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí iṣẹ́ yìí, ẹ̀ka náà ni kí ó yàn, kí ó má ṣe kà á sí ibi ìjókòó àwọn tí kò rí ẹ̀ka mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́, TRCN, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò wọn pẹ̀lú NCE yóò wọ ìpele D. Iṣẹ́ ìjọba ń wá láti ọwọ́ SUBEB ti ìpínlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń gba olùkọ́ fúnra wọn.

Kí ó tó gba iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, kí olùkọ́ tuntun fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ọmọ mélòó ni yóò wà nínú kíláàsì? Ìlànà ìjọba ní 25 fún olùkọ́ kan. Ṣé olùrànlọ́wọ́ wà? Ṣé omi àti ilé ìyàgbẹ́ tí ó bá ìwọ̀n ọmọ mu wà? Ṣé a ó kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ó sọ iye owó oṣù? Ìbéèrè kẹrin yìí ṣe kókó. Òfin ọdún 2024 fi 70,000 náírà ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sí lábẹ́ òfin náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi kò ní òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò béèrè ṣáájú kò ní ẹnu láti fi ráhùn lẹ́yìn.

Nígbà tí ó bá sì dé ibẹ̀, kí ó tọrọ ọ̀sẹ̀ kan láti jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì olùkọ́ tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́. Kí ó kíyè sí bí àwọn ọmọ ti ń wọlé, ẹni tí ń dá jẹun, àti ìgbà tí àárẹ̀ ń mú wọn. Ohun púpọ̀ wà tí a kò kọ sínú ìwé, tí àgbà olùkọ́ ń fi ojú àti ọwọ́ ṣe.

VII. OHUN TÍ YÓÒ DÁN WA WÒ

Àwọn òbí ni yóò kọ́kọ́ dán wa wò. Wọn yóò yẹ ìwé ọmọ wò ní ìrọ̀lẹ́, bí wọn kò bá sì rí ìwé kíkọ níbẹ̀, wọn yóò wí pé eré ni olùkọ́ fi ọjọ́ ṣe. Kí a má ṣe bá wọn jà. Kí a pè wọ́n wá, kí a fi kóró mángòrò hàn wọ́n, kí a sì jẹ́ kí ọmọ wọn fi ohun tí ó mọ̀ hàn wọ́n fúnra rẹ̀. Òbí tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i yóò di alágbàwí olùkọ́.

Pàṣán ni ó tẹ̀ lé e. A máa ń wí pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bá ọmọ wí, kí a fi òsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí ọ̀tún, a sì gbàgbé òsì. Ọmọ tí ó bá ń bẹ̀rù olùkọ́ kò ní í béèrè ìbéèrè, ọmọ tí kò bá sì béèrè kò fún olùkọ́ ní àyè láti mọ ibi tí ó dúró.

Ẹ̀gàn ni ó kẹ́yìn, èyí tí yóò wá láti ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. Ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò bi wá léèrè pé, "Ṣé ABD ni o ṣì ń kọ́?" Kí a dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé àwọn tí òun ń kọ́ lónìí, ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni wọ́n ti gba ABD kọjá. Bí ẹni náà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára, iṣẹ́ tirẹ̀ yóò rọrùn. Bí kò bá ṣe é dáradára, gírámà àti ìṣirò tí ó ń pariwo lé lórí kò ní ilẹ̀ tí yóò dúró lé. Láti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní sáà tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní sùúrù, tí ó ní ojú láti wo ọmọ, tí ó sì mọ àlọ́ pa, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú òun kúrò nínú iṣẹ́ yìí. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú ràn wá lọ́wọ́, kí ẹ má ṣe rán ẹni tí ó rẹ̀yìn jù nínú wa sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì pa ẹni tí ó yege jù mọ́ fún òkè. Ìyá tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé wa, ilé rẹ̀ sì ń sinmi. Ẹ jẹ́ kí ó rí i ní ìrọ̀lẹ́ pé àwa kò sinmi.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ tí ó lè ka oókan dé ẹẹ́wàá àti ọmọ tí ó mọ iye? Ọ̀nà wo ni olùkọ́ lè gbà mọ̀ ọ́n?

2. Dárúkọ eré mẹ́ta tí àwọn ọmọ ń ṣe ní àdúgbò rẹ, kí o sì sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3. "Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi." Sọ ohun tí a lè fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn àti ohun tí a lè fi takò ó. Báwo ni ìwọ yóò ti tọ́jú ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní?

4. Òbí kan wá bá ọ pé ìwé ọmọ òun ṣófo. Kí ni ìwọ yóò fi hàn án?

5. To ẹ̀kọ́ ogún ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ lórí "tóbi" àti "kéré," kí o má sì lo ohun èlò kankan tí a fi owó rà.